Àwòrán Ráfátù Létí Títì

Nígbà tí Ìyá Ráfátù kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Pobè, mo rò pé ìwé ìkéde òkú ló fẹ́ ṣe. Àwọn tó bá wá fún irú rẹ̀ kì í tètè sọ̀rọ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo àwọn káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà tí mo fi kọ́ ara ògiri, lẹ́yìn náà wọ́n á mú fọ́tò jáde. Òun náà mú fọ́tò jáde. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ó wọ aṣọ kakí iléèwé, wọ́n gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń wo kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Bàbá àgbàlagbà tí wọ́n jọ wá ló bá mi sọ̀rọ̀. Òun ni olórí abúlé wọn, lẹ́bàá Takon, níbi tí títì tó lọ sí Sakété ti la abúlé náà sí méjì. Apá kan ni ilé wà, iléèwé sì wà ní apá kejì.

"Ibi tí ọmọ yìí ti ń sọdá lọ síléèwé ni ọkọ̀ ńlá ti gbá a pa," ni bàbá náà wí. "Wọ́n ti gbá àwọn míì níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yọ wọ́n. A ti lọ sí mẹrí, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Kí wọ́n tó dé, a fẹ́ kí o bá wa ṣe pátákó kan."

"Kí ni kí n kọ sí i, Bàbá?"

Ìyá ọmọ náà ló dáhùn. "Ojú rẹ̀ ni kí ẹ gbé sí i, Tantí. Kí ó tóbi. Kí wọ́n rí ẹni tí wọ́n pa."

Mo ní mo gbọ́. Mo rò pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni.

Ẹnfografísìtì ni wọ́n ń pe irú wa nílùú wa níbí, àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tí a sì ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé àti pátákó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Sakété, búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà ni gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin tó le ni ọ̀gá mi. Lẹ́tà S nìkan ló fi jẹ mí níyà títí ìka mi fi ń dùn mí lójú oorun. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, mo lọ kọ́ ọ ní Àjàṣẹ́, mo sì rò pé mo ti kọ́ṣẹ́ tán. Irọ́ ni. Oníbàárà òde òní fẹ́ kí n ya fọ́tò, kí n kọ Faransé tí kò ní àṣìṣe, kí n fi àmì sórí Yorùbá, kí n wá ẹni tí yóò tún èdè Gùn inú rẹ̀ ṣe, kí n ṣe fídíò, kí n fi orin sí i, kí n sì bá a gbé e sórí Wásáàpù. Ìyàwó kan tiẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n fi ẹ̀rín sójú ọkọ òun nínú fọ́tò ìgbéyàwó, torí ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín látàárọ̀. Mo fi sí i. Nígbà tí ọkọ rí i, ó ní òun kò mọ ọkùnrin yẹn rí.

Mo ṣe pátákó náà bí ìyá ọmọ ṣe fẹ́ ẹ. Ojú Ráfátù gba ààbọ̀ rẹ̀, mo fi lẹ́tà pupa kọ "Ẹ rọra" sábẹ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ ní Faransé náà. Ó dára lójú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ti kọ́ mi pé kí n máa fi iṣẹ́ han ẹni tí yóò kà á, kì í ṣe ẹni tó bẹ̀ mí níṣẹ́ nìkan. Àwọn awakọ̀ ni yóò ka èyí. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ ọ̀rá, mo ká a, mo gun ọ̀kadà zẹ́mì lọ sí ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá ti máa ń dúró jẹun lọ́nà Onigbolo.

Mo nà án fún wọn láti òkèèrè. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ ire." Òmíràn béèrè bóyá ìdìbò ti ń bọ̀, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Awakọ̀ àgbà kan wà láàárín wọn, ọmọ Nàìjíríà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, Alájì ni wọ́n ń pè é. Kò rẹ́rìn-ín bíi tàwọn yòókù. Ó ní, "Ojú tí a bá rí lórí pátákó, òkú ni tàbí olóṣèlú. A kì í tẹ bíréèkì fún ìkankan nínú wọn."

"Kí lẹ máa ń tẹ̀ ẹ́ fún, Alájì? Kí ló máa ń mú kí ẹsẹ̀ yín lọ síbẹ̀ kí ẹ tó rò ó?"

Ó nawọ́ sí títì. "Ọmọ tó dúró létí títì tó kọ ẹ̀yìn sí mi. Èyí tó kọjú sí mi, mo mọ̀ pé ó ti rí mi. Èyí tó kọ ẹ̀yìn sí mi ló ń já mi láyà."

Ó ní kí n gun ọkọ̀ òun. Mo jókòó níbi tó máa ń jókòó, mo wo títì láti òkè yẹn, mo sì rí bí koríko etí títì ṣe lè gbé odidi ọmọ mì. Ó fi ọwọ́ nu ara ọkọ̀ rẹ̀ ó fi hàn mí: eruku ti bo gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà pupa mi kò ní pẹ́ tí eruku ilẹ̀ pupa yóò fi gbé e jẹ.

Ó wá kù kí n lọ sọ fún ìyá ọmọ.

Gàrí ló ń yan nígbà tí mo dé ilé rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé mi ò ní gbé ojú sí i mọ́, pé ọmọ tó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ ni mo fẹ́ ṣe, lóòró, bí ọmọ gan-an ṣe ga tó. Ó ń ro gàrí rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ fẹ́ pa ojú rẹ̀ rẹ́," ló wí. "Ọkọ̀ gba ara rẹ̀, ẹ̀yin fẹ́ gba ojú rẹ̀. Ta ló máa mọ̀ pé òun ni?"

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ní Sakété àti Àjàṣẹ́, kò sí ẹni tó kọ́ mi ní èyí. Olórí abúlé, tó ti wá bá wa níbẹ̀, rọra sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí ojú náà wà lórí rẹ̀, pé àwọn ló kúkú ni pátákó. Mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo rántí ohun tí Alájì sọ, ọkàn mi kò sì gbà. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà.

"Ìyá Ráfátù, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe máa ń rìn?"

Ó wò mí. Mo rò pé yóò lé mi. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó bọ́ sàálúbàtà rẹ̀ méjèèjì, ó fi ọwọ́ kan mú wọn. Ó gbé èjìká òsì sókè díẹ̀, bí ẹni tí okùn báàgì fẹ́ yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sápá ibi tí títì wà. Kò wẹ̀yìn.

"Bó ṣe ń lọ nìyẹn," ló wí nígbà tó padà. "Kì í fẹ́ kí bàtà rẹ̀ dọ̀tí kó tó dé kíláàsì."

Mo mú pẹ́ńsùlù àti bébà jáde níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi ọwọ́ ya nǹkan láìsí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi ti le. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi léjìká.

"Rárá, ọrùn rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo pa á rẹ́.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín."

Mo tún pa á rẹ́. A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dẹ́kun ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Òun nìyí," ló wí.

Mo tún un yà sórí bébà ńlá, àwọn ajórin ní Pobè sì gé e lára irin, méjì, ọ̀kan fún apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ kọ̀ọ̀kan. Dúdú ni báàgì Ráfátù, ṣùgbọ́n mo ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé dúdú kò ní hàn nínú koríko, ó sì gbà kí n kùn ún ní àwọ̀ ọsàn pípọ́n. Mo ya fídíò ìyá náà níbi tó ti ń bẹ àwọn awakọ̀ ní Yorùbá àti Gùn. Alájì ló bá mi fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù.

Lọ́jọ́ tí a ri wọ́n mọ́lẹ̀, gbogbo abúlé jáde. Àwọn ọkùnrin ń palẹ̀ ọkọ́ àti ṣọ́bìrì mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan yọ láti apá Pobè, eré ló sì ń sá. A gbọ́ bí bíréèkì ṣe pariwo. Ọkọ̀ náà fà, ó fà, ó dúró.

Awakọ̀ rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. "Ta ló ni ọmọ yìí? Ta ló fi ọmọ sílẹ̀ létí títì báyìí?" Ó ń sáré lọ síbi ọmọ náà, ó na ọwọ́ láti fà á sẹ́yìn, irin ló bá lọ́wọ́. Ó dúró. Ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

Ìyá Ráfátù rìn lọ bá a.

"Èmi ni mo ni ín," ló wí. "Ẹ ṣé tí ẹ dúró."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo irin náà, ọ̀rọ̀ sì yé e. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ náà kọjá láàárín wa bí ẹni tó ń rìn nínú ilé tí ọmọ ti ń sùn.

Ọkọ̀ kò tíì gbá ọmọ kankan níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ìyá Ráfátù ló máa ń nu eruku ara àwọn ọmọ onírin náà, èmi ni mo máa ń tún wọn kùn nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń béèrè ohun tí ẹnfografísìtì gbọ́dọ̀ mọ̀, mo sì máa ń ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń lọ sí Sakété, tí mo rí ọmọ náà lókèèrè, tó kọ ẹ̀yìn sí mi, tó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi yà á, mo ṣì máa ń di ọlọ́zẹ́mì mú léjìká pé kó rọra.