Ohun tí Dókítà Sọ fún Bàbá Mi

Bàbá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ ni, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìlọrin, iṣu, àgbàdo àti ewúrẹ́ díẹ̀ ló fi tọ́ wa. Èmi àkọ́bí rẹ̀ obìnrin nìkan ni mo kàwé di olùkọ́ láàárín àwa mẹ́rin. Nítorí náà, nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tí ó sì ń rù, ọ̀dọ̀ mi ní Ṣàngó, nínú ìlú Ìlọrin, ló wá. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ sí ọsibítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, dókítà pè wá wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bàbá mi ló ń wò lójú bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Ó ní jẹjẹrẹ ni, ó ti gba ẹ̀dọ̀, ó ti tàn kọjá ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ràn. Oògùn kàn lè dín ìrora kù ni. Ó ní kò dájú pé bàbá máa rí òjò ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí mi, ó ní kí n rọra sọ fún bàbá, ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ bèèrè, òun wà níbẹ̀.

Bàbá ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún, ó ń wo ẹnu mi. "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ọgbẹ́ inú ni, Bàbá. Ó ní tí ẹ bá ń lo oògùn, tí ẹ ò jẹ ata mọ́, ara yín máa yá."

Ó bi mí pé ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn kò ju báyìí lọ. Mo ní bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń gùn nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya dókítà lẹ́nu, ó bi mí bóyá ó yé wọn. Mo ní ó yé wọn. Bàbá wá ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ rẹ̀. Èyí ni mo túmọ̀ bó ṣe yẹ.

Nígbà tí mo sọ fún àwọn àbúrò mi, wọ́n ní mo ṣeun. Wọ́n ní ẹ̀rù á pa á kí àìsàn tó pa á. Kò sí ẹni tó bèèrè nínú wa bóyá òun fúnra rẹ̀ máa fẹ́ mọ̀.

Bàbá padà sí abúlé. Ọkùnrin tí kì í jẹ ọbẹ̀ tí kò bá ta á lẹ́nu wá ń jẹ ọbẹ̀ funfun, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i pé ara ti ń yá. Ó ní kí wọ́n ṣán ilẹ̀ tuntun fún iṣu ọdún tó ń bọ̀. Ó ní àbúrò obìnrin kan ní Jẹ́bbà tí wọn kò bára sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá wọn. Mo ní kí n mú un lọ kí i. Ó kọ̀.

Ó ní, "Tí ara mi bá le tán, mo máa fẹsẹ̀ ara mi lọ. Mi ò fẹ́ kó rò pé àìsàn ló lé mi wá bá òun."

Mo ka oògùn alẹ́ rẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, ìrora gbé e padà sí ọsibítù. Wọ́n dá a dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo lọ sí ìtòsí Post Office láti wá oògùn kan tí kò sí ní ọsibítù. Kí n tó dé, ó ti bi nọ́ọ̀sì àgbà kan, ọmọ Yorùbá, pé kó bá òun wo káàdì òun, ìgbà wo ni ọgbẹ́ inú yìí máa jinná. Nọ́ọ̀sì náà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Kò bínú.

Ó ní, "Àgbàlagbà ni wọ́n. Wọ́n bi mí ní ohun tó wà nínú ara wọn. Ṣé kí n purọ́ fún wọn ni?"

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá. Ó bi mí ìgbà tí mo ti mọ̀, mo sọ fún un. Ó fi àtàǹpàkò ka oṣù lórí ìka rẹ̀, ó ka á dé márùn-ún.

"Ara ta ni, ọmọ mi? Ṣé ara rẹ ni, àbí ara mi?"

Ó ní kí n ránṣẹ́ sí àbúrò òun.

Ọjọ́ kẹrin ni àbúrò bàbá tó dé láti Jẹ́bbà, nítorí ẹni tí a rán kò bá wọn nílé. Bàbá kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ nígbà náà. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń fi oríkì tí ìyá wọn fi ń pè é pè é, wọ́n tún un pè títí ohùn wọn fi há. Kò lajú. Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó kírun, ó kú, a sì gbé e lọ sin sí abúlé ní ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà ti ṣàdúrà, àbúrò bàbá pè mí sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní ṣé ẹ̀gbọ́n àwọn kò lè ránṣẹ́ sí àwọn láti ọjọ́ yìí wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọn kò lu mí, wọn kò sì ṣépè.

Wọ́n ní, "O gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n padà sí Jẹ́bbà. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti tọrọ àforíjì. Wọ́n fún mi lóúnjẹ, wọ́n sì ní àwọn ti forí jì mí, ṣùgbọ́n wọn kò wojú mi.