Àgbò Tí Àwáwù Ní Ó Sọnù

Àwáwù kì í purọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ògiri kan ṣoṣo fi pín ilé mi àti tirẹ̀ ní Ṣakí, mo sì lè búra lórí ohun tí mo sọ yìí. Bí iyanrìn bá wọ gàrí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kìlọ̀ fún oníbàárà. Bí ìrun bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò ní òun sùn gbàgbé ni. Kò ní sọ pé ara òun kò yá. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ mọ́ ọn, irọ́ náà ló sì bí èkejì. Èmi Bọ́sẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Faith, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo fi ọdún márùndínlógójì na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ pípa, mo wà níbẹ̀ nígbà tó pa á, mo sì dákẹ́.

Ìgbòho ni wọ́n ti bí i. Ó wá sílé ọkọ ní Ṣakí, ó bí Sodiqat, ó sì tó ọdún mẹ́sàn-án kó tó tún bí Ràsáàkì. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Ràsáàkì ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni Àwáwù fi tọ́ àwọn méjèèjì. Ó ń gbìn ín sí oko rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìgbòho, ó ń wú u, ó ń yan gàrí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì le débi pé ó lè fi gbé ìkòkò kúrò lórí iná láìwá aṣọ. Sodiqat lọ sílé ọkọ ní Ìbàdàn. Ràsáàkì ló kù lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń fi ọ̀kadà gbé èrò láti Ṣakí lọ sí Ìgbòho.

Ràsáàkì ló kó ajá bá ìyá rẹ̀. Ó rí ọmọ ajá kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi í sínú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé e wálé. Etí ọ̀tún rẹ̀ dúró ṣánṣán, tòsì sì ṣẹ́ wálẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Kò wá orúkọ jìnnà rárá. Bíńgò ló sọ ọ́, bí ìdajì àwọn ajá tó wà ní Ṣakí. Mo gbọ́ ohùn Àwáwù láti ẹ̀yìn ògiri lọ́jọ́ náà.

“Ràsáàkì, èmi tí mò ń kírun lẹ́ẹ̀màrún-ún lójúmọ́, ibo lo fẹ́ kí n gbé èyí gbà?”

Ràsáàkì fi pákó kan ilé fún ajá rẹ̀ lẹ́yìn kànga, níbi tó jìnnà sí ibi tí ìyá rẹ̀ ń tẹ́ ẹní ìkírun sí. Ìyá ń kùn, ìyá sì ń gbé oúnjẹ lọ. Kò tó oṣù mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ egungun ẹran lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, tírélà kan tó kó èédú gbá Ràsáàkì lójú ọ̀nà Ìgbòho. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ọjọ́ náà. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹbí jókòó. Àáfà Yínúsà, àbúrò ọkọ Àwáwù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kéwú, ní ilé tí ajá bá wà, màláíkà àánú kì í wọ̀ ọ́, àti pé ilé tí òkú ọ̀fọ̀ ti jáde kò gbọdọ̀ lé màláíkà. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. A kò lè pe Àáfà Yínúsà ní ènìyàn burúkú. Àwáwù ní òun ti gbọ́, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òun ti fi ajá náà ta ọdẹ kan lọ́rẹ ní Kíṣí.

Àmọ́ ajá tó wà ní Kíṣí yìí kò yéé jẹ egungun mi. Abà oko ni Àwáwù mú un lọ. Àràárọ̀ tó bá ń lọ sóko, abọ́ kékeré kan máa ń wà lábẹ́ ewé nínú agbọ̀n rẹ̀, èmi a sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ó ní, “Ìyá Faith, bí mo bá dárúkọ Ràsáàkì níwájú àwọn ènìyàn, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n á ní kí n fara dà á. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ níwájú ajá yẹn, ńṣe ló máa ń wo ojú ọ̀nà.” Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran díẹ̀ sílẹ̀ lára egungun ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, nígbà tí ọyẹ́ mú, àwọn kan finá sí igbó nítorí ọ̀yà. Atẹ́gùn gbé iná náà dé ẹ̀yìn abà Àwáwù. Abà kò jó, ṣùgbọ́n Bíńgò ti sá lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Àwáwù fi ń dá wá a kiri. Lọ́jọ́ kẹta, ó wá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú fún eérú, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ fún un. Mo ní ká lọ bá Samsudeen.

Samsudeen ni ọmọkùnrin tó ní dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò lókè, ní àdúgbò ìsàlẹ̀. Ó ti bá àwọn tó ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fín oògùn sí oko kajú ṣiṣẹ́ rí, kó tó wá ra tirẹ̀, èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ ń rí ooru ara. Àwọn Fúlàní tí màlúù wọn sọnù ló kọ́kọ́ ń pè é. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń sin ajá gbọ́ òkìkí rẹ̀. Ó bá nọ́ọ̀sì kan rí ológbò rẹ̀ lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ológbò náà sì ha á lápá fún oore tó ṣe é.

“Kí ni mo fẹ́ sọ fún un pé mò ń wá?” Àwáwù bi mí. “Mo ti ní ó wà ní Kíṣí.”

“Sọ òótọ́ fún un.”

“Ìyá Faith, ojú ń tì mí.”

Ó lọ sọ fún Samsudeen pé àgbò òun ló sọnù, àgbò tí òun fẹ́ fi ṣe sàráà Ràsáàkì. Lójú tirẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ti gòkè, òun á rí ajá òun, òun á mọ ibi tó wà, òun á sì yọ́ lọ mú un. Kò rò ó pé ọ̀rọ̀ àgbò sàráà yóò dé etí Àáfà Yínúsà, àti pé Àáfà yóò ní kò sí bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun yóò ṣe máa wá àgbò sàráà kí òun má bá a dé oko.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa mẹ́rin ṣe pàdé ní abà ní ìdájí, kété tí wọ́n kírun àsùbáà tán. Samsudeen ṣàlàyé pé àsìkò yẹn ló dára jù, nítorí pé bí oòrùn bá ti ràn, àpáta àti ọ̀gán á gbóná, gbogbo rẹ̀ á sì máa funfun nínú gíláàsì ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbé àwòrán kámẹ́rà náà wá, kò ní mọ èyí tí í ṣe ẹran. Ẹ̀rọ náà fò sókè, ó ń kùn bí agbọ́n. A pé lé gíláàsì náà lórí. Igbó tó tutù dúdú. Àwọn màlúù kan fara hàn, wọ́n funfun bí hóró àgbàdo lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ni a rí ebè èédú mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n ń fi erùpẹ̀ bò mọ́ igi tó ń jó lábẹ́lẹ̀. Funfun tiwọn ń fọ́ni lójú.

Ní ẹ̀gbẹ́ ebè kẹta, nǹkan kan ká jọ síbẹ̀. Samsudeen rọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ díẹ̀. Nǹkan náà gbé orí sókè. Etí kan dúró, èkejì kò dúró.

“Ajá ni,” Samsudeen wí. “Ajá àwọn oníèédú ni yóò jẹ́. Ṣé kí n tún sún mọ́ ọn, àbí ká máa lọ?”

Mo wo Àwáwù. Àáfà Yínúsà náà wò ó. Mo rò pé yóò sọ ọ́. Ó gbé ìborùn rẹ̀ ró, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Àgbò là ń wá.”

Ẹ̀rọ náà kọjá lọ. Ó wá àgbò tí kò sí níbì kankan títí bátìrì fi tán. Títí di òní, mò ń bínú sí ara mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá ná mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi àti Àwáwù gun ọ̀kadà padà lọ. Ohun tó rọrùn lójú gíláàsì kò rọrùn lórí ilẹ̀. Gbogbo igbó tó jó jọra, ebè èédú sì pọ̀ ju ohun tí a rò lọ. Àwáwù ń pe Bíńgò, Bíńgò, ohùn rẹ̀ sì ti ha. Ní abà kan, ajá mẹ́ta ló sáré jáde sí wa, gbogbo wọn ló ń jẹ́ orúkọ náà. Ọjọ́ mìíràn ni, à bá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, a padà sílé, kò sì dúró wọlé rárá kó tó kọjá sọ́dọ̀ Samsudeen. Mo tẹ̀ lé e. Ìdúró ló dúró sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Kíṣí títí dé orí àgbò.

Samsudeen kò bá a wí. Ó ní, “Màmá, ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Ajá ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń wá. Ṣebí ẹ̀yin náà ti gbọ́ wáàsí obìnrin tó bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́run sì torí rẹ̀ dárí jì í?” Ìgbà yẹn ni Àwáwù tó sunkún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwa mẹ́ta la lọ. Ẹ̀rọ náà ti pa ọ̀nà àná mọ́, ó sì fò lọ tààrà síbẹ̀. Ebè èédú kẹta funfun bíi ti àná. Kò sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Samsudeen yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bóyá ajá náà ti rìn kúrò ni.

“Bí ó bá kú ńkọ́?” Àwáwù béèrè.

Samsudeen rọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀. “Bí ara rẹ̀ bá ti tutù, màmá, kò ní hàn.”

A fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Bíńgò wà níbi tí a ti rí i lánàá gan-an, ó kọ ẹ̀yìn sí ebè èédú nítorí ooru, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti bó nínú iná. Ọkùnrin tó ń sun èédú níbẹ̀ jáde sí wa. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó wọ́ dé, òun bu omi fún un, òun kò sì mọ olówó rẹ̀. Ó ní, “Ní ìrọ̀lẹ́ àná, a gbọ́ tí obìnrin kan ń pe ajá lọ́ọ̀ọ́kán. Èyí gbé orí, ó fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbé e.”

Àwáwù jókòó sínú eérú, ó gbé orí ajá náà lé itan. Mo rántí ẹ̀sìn rẹ̀, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. “Ẹ̀ẹ̀méje ni n óò fọ ọwọ́ àti aṣọ mi bí ẹ̀sìn ṣe ní, n óò fi erùpẹ̀ fọ ọ̀kan nínú rẹ̀,” ó wí. “Jẹ́ kí n gbé e ná.” Samsudeen àti oníèédú bá a gbẹ́ ilẹ̀, a sì sin ín síbẹ̀.

Nígbà tí a délé, Àáfà Yínúsà ń dúró dè wá lójúde Àwáwù. Àgbò funfun ńlá kan wà lókùn lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá Sodiqat, ẹ kú oríire,” ó sọ ọ́ sókè kí ará ilé òdìkejì lè gbọ́. “Àgbò yín ti padà wálé.”

Àwáwù wo àgbò tí kò rí rí náà. Ó jókòó sórí àga pákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀. “Àáfà, ẹ dákun,” ó wí, “n kò ní àgbò kankan. Ajá Ràsáàkì ni mò ń wá. N kò mú un lọ sí Kíṣí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín bọ̀ ni.”

Àáfà fi okùn àgbò náà sílẹ̀. “Mo mọ̀,” ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. “Etí yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n nínú gíláàsì. Mo wò yín, ẹ kò sọ̀rọ̀. Mo ní bí mo bá dárúkọ ajá lójú ọmọ yẹn àti lójú Ìyá Faith, ojú á tì yín. Mo ti pinnu pé n óò padà lọ gbé e wá fún yín. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ ra àgbò ná, kí ẹnikẹ́ni má baà pè yín ní òpùrọ́.”

Àwáwù sún, ó fi àyè sílẹ̀ fún un lórí àga. Àáfà jókòó, èmi náà jókòó. Àwa mẹ́ta la rí ajá náà láàyè, tí a sì mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì rẹ̀.