Ọwọ́ Yísà

Ní gbogbo Ṣómólú, bóyá la fi rí ẹni tó tẹ ìwé àdúrà tó Yísà, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kì í gbàdúrà. Bí a bá bi í léèrè nípa ẹ̀mí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ló máa ń nàka sí: "Iná ló ń mú un ṣiṣẹ́. Tí iná bá lọ, ó parí. Bí ọpọlọ èèyàn náà ṣe rí nìyẹn." Èmi tí mo ń gé bébà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tí mo tún jẹ́ díákónì, mo bá a jiyàn títí ó fi sú mi. Olórí kunkun ni.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Rọ̀kíbátù, ń gbé. Ìdájí ni obìnrin yìí máa ń lọ ra ẹja létí ọ̀sà ní Bàrígà, á wá sùn lọ́sàn-án. Ariwo ẹ̀rọ kì í jí i. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lójijì ló máa ń ta jí, torí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ tó gé ìka Yísà kan jábọ́. Á ké láti yàrá: "Bàbá Fareedah, ọwọ́ yín ńkọ́?"

Yísà á ní, "Ó wà níbí, jàre."

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Rọ̀kíbátù ṣubú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà ní ọsibítù tí kò lajú. Àáfà gbàdúrà, èmi náà gbàdúrà. Dókítà ní ká má retí púpọ̀. Yísà kàn ń rù ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó gba ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ sínú fóònù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ìyàwó rẹ̀. Èmi àti Fareedah, ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, jókòó tì wọ́n. Ariwo náà ń lọ, ó ń lọ, ó tó wákàtí kan. Lójijì, Yísà pa á.

Ojú Rọ̀kíbátù mì, ó là. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Bàbá Fareedah... ọwọ́ yín ńkọ́?"

Orí mi wú. Mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tí Fareedah sunkún tán, ó ní, "Dádì, ariwo yẹn ti mọ́ ọpọlọ wọn lára. Bó ṣe dákẹ́ ló jí wọn."

Ọ̀rọ̀ Yísà gan-an nìyẹn, mo sì ń retí kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ oníka mẹ́rin rẹ̀ ló gbé sókè, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ọpọlọ ló gbọ́ ariwo. Àmọ́ èmi ni ìyá rẹ béèrè."

Ó fi ọwọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ó wà níbí," ló wí. "Ó wà níbí, jàre."