Ìbàdí Àwọn Onígọ́ọ̀fù

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi lò kẹ́yìn papọ̀, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù funfun tí mo máa ń wọ̀ síbi iṣẹ́. Apá ọ̀tún ló lọ tán tí wọ́n fi mú iná lọ. Ó gbé e fún mi bẹ́ẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń bọ àwọn ọ̀gá yín lọ́wọ́, wọn ò ní í wo òsì." Mo wọ̀ ọ́ lọ. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú Àbẹ̀kẹ́ lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Èmi tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé wá pé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, èmi lọkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ físíò ni mo ṣe. Físíò kì í fúnni ní abẹ́rẹ́, kì í sì í to eegun tó bá ṣẹ́. Ó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan tó bá ti gan. Mo kọ́kọ́ ṣe é ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí n tó gba yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkòsí, lẹ́bàá Kétu ní Èkó, ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn tí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun. Ìdí tí mo fi yan ibẹ̀ ni pé kò jìnnà sí ọjà Mile 12. Mo rò pé àwọn alábàárù tó ń ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì láti àárọ̀ dalẹ́ ni yóò kún ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀kan ṣoṣo ló wọlé lọ́dún àkọ́kọ́. Ó wá béèrè ibi tó ti lè tọ̀.

Àwọn tó wá ni àwọn tí kì í ru nǹkan kan. Láti Màgòdò ni wọ́n ti ń wá, àti láti Ògùdù, nínú ọkọ̀ tó tutù bí inú fìríìjì. Onígọ́ọ̀fù ni wọ́n. Kódà igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹlòmíì tí wọ́n ń pè ní kádì ló ń bá wọn gbé e. Síbẹ̀ àwọn ni ẹ̀yìn ń dùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù yóò yí ara sẹ́yìn, yóò sì yí i padà síwájú pẹ̀lú agbára. Oríkèé itan ló yẹ kó ṣe yíyí yẹn. Bí oríkèé itan bá ti gan, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni yóò gba iṣẹ́ náà ṣe, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́. Ẹ̀yìn ló ń ké, oríkèé itan ló jẹ̀bi. Ilé ìwé kọ́ mi pé ìjókòó pípẹ́ ló ń fà á. Àbẹ̀kẹ́, tó ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ tó wá ń bá mi mójú tó ibi iṣẹ́, ní èrò tirẹ̀.

"Dádì, ìgbà wo ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún èèyàn kẹ́yìn? Ẹni tí gbogbo ayé ń dọ̀bálẹ̀ fún, báwo ni ìbàdí ẹ̀ ṣe fẹ́ rántí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀?"

"Kò sí nínú ìwé."

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò dé Kétu rí."

Olóyè kan wà tó fi hàn pé òótọ́ ló sọ. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ohun kan ṣoṣo tó sì ń wá láyé ni kó fi gọ́ọ̀fù na àna rẹ̀, ohun tí kò tíì ṣeé ṣe títí dòní. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dojú bolẹ̀."

Ó wò mí. "Níwájú ta ni?"

"Eré ìdárayá ni, sà."

"Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ kí èmi dọ̀bálẹ̀ fún ẹ, kí dírẹ́bà mi máa wò?"

Èmi ọmọ náà ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Olóyè ti mú fìlà rẹ̀ nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ wọlé láti yàrá iwájú. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní náà wọ̀ọ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú sí wọn." Ojú Olóyè rọ̀. Àbẹ̀kẹ́ kò dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fi orúnkún kejì sílẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó sì rọra ti ìbàdí síwájú. "Ẹ wò ó, sà, tí ẹ bá ṣe é báyìí, iwájú itan á máa fà. Ẹ dán an wò, ẹ sọ fún mi bóyá irọ́ ni mo pa."

Nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i, Olóyè náà lọlẹ̀ sórí ẹní.

Láti ọjọ́ náà, bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àbẹ̀kẹ́ yóò kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, láti inú ìkíni yóò bọ́ sínú eré ìdárayá, ọ̀gá yóò sì tẹ̀ lé e. Èmi yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, n ó máa dárúkọ iṣan. Àwọn oníbàárà gbà pé iyì iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n lọlẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀yìn tèmi náà ti gan pátápátá, láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíì. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ti ibi iṣẹ́ pa. Ọmọbìnrin mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ìbàdàn. "Dádì, ta ló fẹ́ máa bá yín lọlẹ̀ báyìí?" Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́, mi ò lè dá a ṣe. Nígbà tí Olóyè ránṣẹ́ pé ẹ̀yìn òun tún ti dì, pé ìdíje òun àti àna òun ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kó máa bọ̀. Mo fẹ́ sọ fún un lójúkojú pé mo ti pa iṣẹ́ tì.

Ó dé síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Tọ́sìdeè. Ó bá mi kẹ́dùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ó dúró létí ẹní, èmi náà dúró létí ẹní, àwa méjèèjì ń wo ilẹ̀.

"Dókítà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ta ni yóò kọ́kọ́ lọlẹ̀?"

Mo la ẹnu láti sọ ohun tí mo pè é fún. Ohun tí mo ṣe ni pé mo di ògiri mú, mo sì ń lọlẹ̀. Nǹkan kan dún gbàì.

"Ṣé ilẹ̀kùn nìyẹn?"

"Orúnkún mi ni, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìwọ lo wá ń tọ́jú èmi?"

Mo dojú bolẹ̀ pátápátá, mo na ẹsẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà."

Olóyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo omi náà ló jẹ́ ti ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ó bọ́ fìlà, ó sì wá nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Dírẹ́bà rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rí baba méjì tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ògiri, ó sì yára padà sínú ọkọ̀.

"Ẹ fi ìgúnpá tẹlẹ̀, sà," ni mo wí. "Ẹ gbé àyà sókè. Ẹ jẹ́ kí ìbàdí wúwo sílẹ̀." Mi ò sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn rí. Àbẹ̀kẹ́ ló máa ń sọ wọ́n.

Olóyè ló kọ́kọ́ dìde, nítorí òun ti gba ẹ̀kọ́. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Mo yí sí ẹ̀gbẹ́. Mo kó orúnkún jọ. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, mo sinmi níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, láì di ẹnikẹ́ni mú, mo dìde.

"Ó yá, sà," ni mo wí. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kejì."