Oòrùn Mélòó Ló Wà Nínú Kọ̀ǹpútà?

Ìyá Ìbejì ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà títí, wọ́n sì sọ pé àwọn ò ní tẹ nǹkan kan. Inú sítọ̀ ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan la wà, lójú ọ̀nà tó já sí Agége, láàárín àwọn àpò fúláwà tí wọ́n tò kan òrùlé. Ìyá Ìbejì ni olùtọ́jú sítọ̀ náà. Máníjà ilé iṣẹ́ dúró lápá ọ̀tún wọn. Ọ̀gá Délé, tó gbà mí síṣẹ́, dúró lápá òsì. Èmi dúró sẹ́yìn, mo ń làágùn sínú búláòsì kan ṣoṣo tí mo ní tó jọ ti ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́, Mà," ni Ọ̀gá Délé ń sọ. "Bọ́tìnnì ńlá yẹn, èyí tí a fi ń gba ẹrù wọlé. Ẹ gbé máòsì lé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́," ni Ìyá Ìbejì wí.

"Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́, Mà."

"Ẹ wò ó dáadáa. Ó ti wọnú. Tí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, ogún àpò fúláwà á di ogójì nínú ẹ̀rọ yín, ogún ló sì wà nílẹ̀. Ta ni wọ́n máa pè lólè?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé irú àpò tí kò sí nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló lé ẹni tó wà ní sítọ̀ ṣáájú wọn lọ. Máníjà gbójú sókè wo ìṣó kan lára ògiri. Àwòrán olórí ìjọba ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ológun ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lemọ́lemọ́ débi pé ilé iṣẹ́ náà fi ìṣó nìkan sílẹ̀, kí wọ́n má bàa máa wá férémù kiri. Ó wo ìṣó náà bí ẹni ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, ó wá ní títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ìyá Ìbejì kò bá tíì máa lò ó, ìwé ńlá wọn àtijọ́ ni wọn yóò padà sí, kí àwa náà gbé ẹ̀rọ wa lọ sílé.

Nínú mọ́tò, ojú títì ni Ọ̀gá Délé ń wò títí a fi fẹ́ dé Ìkẹjà. Ó wá ní, "Símbí, ìwọ lo ya bọ́tìnnì. Ọjọ́ Ẹtì yẹn náà ni oṣù mẹ́ta ìdánwò rẹ pé. Bí wọ́n bá dá iṣẹ́ yìí padà, kò sí bí mo ṣe lè fún ẹ ní ìwé ìgbanisíṣẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, torí èmi kì í lè ṣe kí n má ṣàlàyé. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, ìtìjú wà níbẹ̀, inú tún ń bí mi sí Ìyá Ìbejì, ojú sì tún ń tì mí torí pé inú ń bí mi sí ìyá àgbà. Mo ti to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ tán nínú mi kí mọ́tò tó dúró. Ìgbà Sáàpù ni, tí ìjọba ní ká fún bẹ́líìtì, tí iṣẹ́ sì ṣọ̀wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ jáde ní yunifásítì ń wa takisí, òmíràn ń ta aṣọ òkìrìkà, ẹnìkẹta ní òun ń retí físà, ó sì ti ń retí rẹ̀ látìgbà tí a ti wà ní ọdún kejì. Ní Onígbòǹgbò, màmá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun "ń ṣe kọ̀ǹpútà", bí ẹni pé èmi ni mò ń rọ ọ́ bí alágbẹ̀dẹ.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an kò rọrùn láti ṣàlàyé fún àdúgbò. Ọ́fíìsì wa wà ní àjà kejì ilé kan lẹ́yìn Allen Avenue: èèyàn mẹ́rin, kọ̀ǹpútà mẹ́ta, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń bínú ju ọ̀gá lọ. Oríṣi kọ̀ǹpútà méjì ló wà lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà wa. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì gbogbo, ojú rẹ̀ rí bí eérú, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sì yọ síta bí ohun tí èèyàn lè fọwọ́ bà. Èkejì jẹ́ ti àwọn ayàwòrán àti àwọn onítẹ̀wé. Bọ́tìnnì tirẹ̀ funfun, igun rẹ̀ yípo, kò ní òjìji kankan. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ní méjèèjì, ọ̀kan ní sítọ̀, èkejì níbi tí wọ́n ti ń ya bébà tí wọ́n fi ń wé bisikíìtì. Ọ̀gá Délé kò fẹ́ kọ ètò kan náà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ló kọ ọ́, ó wá fọwọ́ sọ̀yà fún oníbàárà pé ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbé e sí, yóò rí bí ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé yẹn. Irọ́ gbuu ni. Èmi ni wọ́n gbà láti sọ irọ́ náà di òótọ́.

Ètò wa kì í lo bọ́tìnnì tí kọ̀ǹpútà ní. Tiwa la máa ń yà, dọ́ọ̀tì kan tẹ̀lé òmíràn, kí ó jọ ti onílé débi pé ojú kankan ò ní dá a mọ̀. Dọ́ọ̀tì ni ẹ̀yọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí ojú kọ̀ǹpútà fi ń gbé ohun gbogbo jáde. Màá fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò wọ́n, màá kà wọ́n, màá wá fi pẹ́ńsù kùn wọ́n sórí bébà onígun mẹ́rin-mẹ́rin tí a fi ń ṣe ìṣirò nílé ìwé. Ó jọ iṣẹ́ télọ̀ tó ń rán ayédèrú yúnífọ́ọ̀mù. Bí okùn èjìká bá wà lódìkejì, sọ́jà àkọ́kọ́ tó bá rí ẹ á mọ̀.

Àwọn bọ́tìnnì kéékèèké, èyí tí kọ̀ǹpútà ní irú wọn, mo wò wọ́n yà, wọ́n sì jọ. Ṣùgbọ́n àwọn ńlá méjì tó ṣe pàtàkì jù, èyí tí a fi ń gba ẹrù wọlé àti èyí tí a fi ń kó o jáde, kò sí irú wọn nínú ẹ̀rọ kankan. Orí ara mi ni mo ti yọ wọ́n. Mo gbé páálí ìṣáná ka orí tábìlì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà á, mo sì yà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo fẹ́ràn méjèèjì ju gbogbo ìyókù lọ. Mo tilẹ̀ mú bébà rẹ̀ lọ fi han màmá mi. Wọ́n ní ó dára, pé kí ni?

Fún ìdí èyí, ó dá mi lójú pé Ìyá Ìbejì ni kò mọ̀ ọ́n lò. Mo jókòó, mo kọ ìtọ́sọ́nà ojú ìwé méjì lórí bí èèyàn ṣe ń tẹ bọ́tìnnì, mo sì mú un lọ bá wọn ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n tún yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó kù.

"Ọmọ mi, mo kàwé," ni wọ́n wí. Ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà lẹ́nu wọn dáadáa. "Ìwé rẹ ní kí n tẹ bọ́tìnnì tó bá yọ. Àwọn kéékèèké ìsàlẹ̀ yìí yọ, ìka ni wọ́n ń retí. Ńlá méjì yìí ò yọ. Àbí ojú mi ni?"

Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Mo ní bóyá ẹ̀rọ ni. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ẹ̀rọ lóòótọ́, wọ́n sì bu bisikíìtì tó ti fọ́ fún mi, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, mi ò lè gun òkè. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Bọ̀ọ̀dá Tájù wà níbẹ̀, ó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù tuntun fún onífọ́tò. Ọmọ onílẹ̀ Agége ni, kò sí ṣọ́ọ̀bù láti ibẹ̀ dé Ìkẹjà tí kò kọ orúkọ sí, ọ̀dà sì ti pọ̀ lára fìlà rẹ̀ débi pé èèyàn ò lè mọ àwọ̀ tí wọ́n fi rà á.

"Símbí kọ̀ǹpútà, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, iṣẹ́ mi ló fẹ́ kú. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan èyí tí kò béèrè: oṣù mẹ́ta ìdánwò, físà ọ̀rẹ́ mi, bí mi ò ṣe lè jẹun. Kò gbójú sókè. Nígbà tí mo parí, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú kẹrosíìnì, ó ní kí n jẹ́ kí òun wo ohun tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ.

Kò tíì wọ ọ́fíìsì wa rí. Ó kọ̀ láti jókòó, ó ní ọ̀dà wà lára òun. Ó dúró sí òkèèrè, ó dijú kan, ó sì wo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni ń wo ilé tí wọ́n fẹ́ kùn.

"Oòrùn mélòó ló wà nínú kọ̀ǹpútà yín?"

"Oòrùn báwo, Bọ̀ọ̀dá?"

"Wo àwọn kéékèèké. Ìlà funfun lókè àti lósì, ìlà dúdú nísàlẹ̀ àti lọ́tùn-ún. Oòrùn wọn ń ràn láti òkè lápá òsì. Nǹkan tó yọ nìyẹn. Wo àwọn ńlá wàyí. Dúdú ló wà lókè, funfun ló wà nísàlẹ̀. Ihò nìyẹn. Ihò méjì lo gbẹ́ sílẹ̀, àbúrò, o wá ní kí ìyá oníyàá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní ojú mi ni mo fi rí i, pé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ba páálí ìṣáná gan-an nìyẹn. Ó wo páálí náà lórí tábìlì, ó wo fèrèsé lápá ọ̀tún mi, ó yọrí wo ìta. Òrùlé páànù tuntun ti ilé ẹ̀gbẹ́ wa ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń tan oòrùn padà sókè sí tábìlì mi. Bọ̀ọ̀dá Tájù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, àmì ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri yẹn, àwọ̀ búlúù.

"Páànù onílé lo yà sínú kọ̀ǹpútà. Kí ni wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì?"

"Ìṣirò."

"Wọn ò sì kà á débi pé oòrùn kan ló wà?"

Ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò. Ó ní kí òun tó kọ lẹ́tà kankan, òun á kọ́kọ́ sàmì sí igun pátákó tí oòrùn òun wà. "Lẹ́yìn náà, oòrùn gidi lè yí, iná lè lọ, ìjọba lè yí. Tèmi ò yí." Ó fi ṣọ́ọ̀kì náà fa ìlà kékeré sí igun òkè lápá òsì, lára férémù kọ̀ǹpútà, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí epo nílùú. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Onígbòǹgbò, jẹnẹrétọ̀ sì ti fẹ̀yìn tì fúnra rẹ̀. Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ Ajé náà, Ọjọ́rú ló tó padà dé. Mo kó dúdú sísàlẹ̀, mo kó funfun sókè, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà díẹ̀ péré ló fẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó wá dùn mí jù ni èyí: gbogbo bọ́tìnnì ní àwòrán méjì, ọ̀kan nígbà tó bá ń retí ìka, èkejì nígbà tí ìka bá wà lórí rẹ̀. Àwòrán mi àtijọ́, èyí tí mo fi han màmá mi, òun gan-an ni àwòrán kejì. Tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì wa, ńṣe ló máa ń fò sókè bí ẹni tí eèrùn ta. Ìyá Ìbejì kò ṣìnà rárá. Ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́. Èmi ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a tún tò sínú sítọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Ìyá Ìbejì wọ gíláàsì. Wọ́n gbé ọwọ́ lé máòsì. Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé bí mo bá dákú báyìí, orí fúláwà ni màá ṣubú lé, kò ní dùn mí púpọ̀. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì ńlá. Ó wọnú, ó jáde padà. Wọ́n wo iye tó jáde, wọ́n yíjú sẹ́yìn, wọ́n fi ìka ka àpò tó wà nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogún. Wọ́n fa ìwé ẹrù tó kàn sọ́dọ̀, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

Inú Máníjà dùn. "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n lò."

"Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe fún wọn ni," ni Ọ̀gá Délé dáhùn, ojú ò sì tì í.

Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu. Ẹni tó bá ti kà mí débí mọ̀ pé mo ní àlàyé nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé e mì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. Bí mo ṣe lóṣòó síbẹ̀, Ìyá Ìbejì fẹnu sí mi létí.

"O gbọ́? Wọ́n ní mo ti kọ́ṣẹ́."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ìwọ náà ti kọ́ṣẹ́."

Wọ́n fún mi ní bisikíìtì. Odindi ni lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá Délé fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi, ó mú un wá sídìí tábìlì mi fúnra rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ nà án sí mi, ó rí ìlà funfun lára férémù kọ̀ǹpútà.

"Kí nìyí?"

"Oòrùn ni, Ọ̀gá."

Ó wo ìlà náà, ó wò mí, ó tún wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń rò ó pé bóyá òun ti kánjú. Ṣùgbọ́n ó fún mi. Kò sì nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò.