Agatha Ògbufọ̀ àti Ìyàwó Josiah

Bí o bá pàdé Agatha ní Kabba ní ìgbà ogbó rẹ̀, tí o sì kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò wò ọ́ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Á dá ọ lóhùn pé, "Okun, ọmọ mi," bí a ti ń kíra ní ilẹ̀ wa, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Irọ́ ló ń pa. Gẹ̀ẹ́sì tí obìnrin yẹn gbọ́, ọ̀pọ̀ tíṣà ló ń wá irú rẹ̀ tì.

Ilé ìdáná àwọn Sístà, àwọn obìnrin òyìnbó ìjọ Kátólíìkì, ló ti gbọ́ ọ. Ó ń se ọbẹ̀ fún wọn, ó ń fọ àwo, etí rẹ̀ ò sì sinmi. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó gbọ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, wọ́n mú un kúrò nídìí ààrò, wọ́n fi í sí yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn, kó máa ṣe ògbufọ̀ láàárín Sístà àti àwọn ìyá ọmọ. Sístà tó wà níbẹ̀ nígbà náà kò ní sùúrù rárá. Á ní, "Sọ fún obìnrin yìí pé òpònú ni, díẹ̀ ló kù kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ yìí." Agatha á yíjú sí ìyá ọmọ, á ní, "Sístà ní ẹ kú ìtọ́jú o, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá tún gbóná, ẹ tètè máa gbé e wá." Ìyá ọmọ á dúpẹ́, Sístà á rò pé ìbáwí òun ti wọlé, gbogbo rẹ̀ á sì tòrò. Ta ni irú irọ́ bẹ́ẹ̀ pa lára? Lójú Agatha, ọ̀rọ̀ tí kò bá ní iyọ̀ kò ṣeé gbé mì.

Òfin kan ló ń bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀: ohun tí ògbufọ̀ bá gbọ́ nínú yàrá yẹn, inú yàrá yẹn ni yóò fi í sí. Ó mọ ẹni tí kò lè bímọ nínú tọkọtaya wo, ó mọ ọmọbìnrin ta ló ṣẹ́yún. Ọkọ rẹ̀ pàápàá, títí ó fi kú, kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ rí.

Sarah, ìyàwó Josiah télọ̀, ni ilé wọn kọjú sí ti Agatha. Ọmọ Iyamoye ni, ọlọ́yàyà ni, Ọlọ́run kò sì tíì fún wọn lọ́mọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Agatha ló ti máa ń dirun, a sì máa pè é ní Àǹtí bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ní àkókò tí iṣu tuntun ń jáde, òun náà wá sọ́dọ̀ Sístà. Àmì funfun kan ló yọ sí i lẹ́yìn. Sístà fi abẹ́rẹ́ gún un níbẹ̀, Sarah kò mọ̀ pé wọ́n gún òun. Sístà wá sọ ọ̀rọ̀ kan. Agatha wá iyọ̀ tí yóò fi sí i, kò rí.

"Ó ní kí ni, Àǹtí?"

"Ó ní ẹ̀tẹ̀ ni. Ó ní kò tíì wọra, oògùn wà fún un."

Sarah kò sunkún. Ó di ọwọ́ Agatha mú. "Ẹ búra fún mi. Bí wọ́n bá gbọ́, n kò ní ilé tí n ó padà sí mọ́." Agatha fi ìyá rẹ̀ tó wà ní sàréè búra.

Josiah mú ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn míṣọ́n kan ní apá Ẹ̀gbẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àrùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó sọ fún àdúgbò pé ìyá Sarah ń ṣàìsàn ní Iyamoye, pé ó lọ tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fún ìyá ní àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe tẹlifíṣọ̀n.

Ìgbà náà, abẹ́ Kwara la wà, Ìlọrin sì ni gbogbo nǹkan ti ń wá, títí kan àwòrán. Bàbá Lájídé, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ló ra tẹlifíṣọ̀n, ó ri òpó gíga kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé kí àwòrán lè dé. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, wọn a máa ṣe eré òyìnbó kan, gbogbo àdúgbò á kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, Agatha á sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, á máa túmọ̀. Ìjókòó rẹ̀ níbẹ̀ ga ju ti Bàbá Lájídé tó rà á lọ.

Eré tí wọ́n ń wò nígbà yẹn dá lórí àdúgbò òyìnbó kan tí ilé ibẹ̀ jọra wọn bí ìbejì, koríko níwájú kálukú. Wọn kì í kíra wọn. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni wọ́n ti ń ṣọ́ra wọn. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọn kò rí ìyàwó rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń rí i tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láàárín òdòdó. Nígbà tí àwọn aládùúgbò kó ọlọ́pàá wọ ọgbà náà, tí wọ́n ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀, NẸ́PÀ mú iná lọ.

Ariwo sọ. Wọ́n tan àtùpà, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ Agatha. Rónkẹ́, ìyàwó onípákó, ló kọ́kọ́ fọhùn. Nítorí ọmọ Agatha tó ń jẹ́ Ọlọ́runlékè, Ìyé Lékè ni wọ́n ń pè é. Ìyé ni ìyá lẹ́nu wa.

"Ìyé Lékè, kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Agatha kò mọ̀. Kò rí ìparí rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti ń túmọ̀, kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun kò mọ̀. "Kí ni ì bá tún ṣẹlẹ̀?" ló wí. "Ó ti pa á. Abẹ́ òdòdó ni wọ́n ti hú u." Ó dùn mọ́ wọn dé ọ̀fun. Wọ́n kan sárá sí i, òun náà sì lọ sùn pẹ̀lú ayọ̀. Ẹyin lohùn, àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Àwa la máa ń gbàgbé.

Kò pẹ́ tí Rónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn obìnrin léèrè nídìí ẹ̀rọ omi pé ìgbà wo ni wọ́n rí Sarah kẹ́yìn. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà. Josiah ti fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ká, bó bá sì ti kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọn a máa gbọ́ ìró ọkọ́. Wọ́n bi í, ó ní ṣáláńgá lòun ń gbẹ́. Àbí ta ni kò mọ̀ pé ó ti ní ṣáláńgá? Ọkùnrin tí kò bímọ, tí ìyàwó rẹ̀ pòórá, tó ń gbẹ́ ilẹ̀ nínú ọgbà. Lẹ́yìn náà ni ará Iyamoye kan gba àdúgbò kọjá, ó ní ìyá Sarah le bí òkúta, inú oko lòun ti rí i, kò sì sí Sarah lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbé aṣọ fún Josiah rán mọ́. Wọn kò kí i ní okun mọ́, bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹni tí a kò bá kí, òkú ni.

Agatha lọ bá a ní ẹ̀yìnkùlé. Kòtò náà ti jìn, ó gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sí ara rẹ̀ tó fi ń gùn jáde.

"Kànga ni, Àǹtí," Josiah wí. "Bí Sarah bá dé, tó bá ń lọ wẹ̀ lódò pẹ̀lú wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọn á máa wò. Mo fẹ́ kó ní omi tirẹ̀ nínú ilé."

"Sọ fún wọn pé kànga ni."

"Wọn á ní kí ló dé tí odò tí gbogbo ayé ń lọ kò fi tó ìyàwó mi."

Agatha kúrò níbẹ̀. Ó tọ Bàbá Lájídé lọ, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìlọrin rí eré náà dé ìparí. Bàbá ní ọmọ náà ti sọ ọ́ fún òun: ọkùnrin yẹn kò ṣe nǹkan kan, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìyàwó lọ, ìgbà tó sì dé tòun ti àpótí rẹ̀, ó bá ọgbà òdòdó rẹ̀ tí wọ́n ti hú tán. Agatha sáré gbé ìròyìn náà lọ bá Rónkẹ́.

Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyé Lékè, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ó pa á. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè."

"N kò mọ̀ nígbà yẹn. Mo kàn ṣe é ládùn ni. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ẹ̀ ń ṣàánú Josiah ni. Ẹ jẹ́ ká wádìí ọ̀rọ̀ yìí, kí a má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

Òwe lásán ni lẹ́nu Rónkẹ́. Agatha yára padà sílé.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n lọ. Bámigbóyè, olórí àwọn ọ̀dọ́, ló síwájú, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wó ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ lulẹ̀. Josiah dúró níwájú kòtò, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ibo ni ìyàwó rẹ wà?"

"Ó wà ní àlàáfíà."

"Ibo?"

Ẹnì kan gbá a létí, ẹlòmíràn tì í, ó sì jábọ́ sínú kòtò. Omi ti ń sun nísàlẹ̀, ó dé e ní orúnkún. Bámigbóyè ní kó fi ibi tó sin ín sí hàn àwọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á sin òun náà síbẹ̀. Ẹnì kan da ṣọ́bìrì iyẹ̀pẹ̀ kan sí i lórí. Wọ́n da òmíràn. Josiah wo òkè, kò la ẹnu.

Agatha já àárín wọn kọjá. "Sarah wà láàyè. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́n ní Ẹ̀gbẹ́."

"Kí ló ń ṣe é tí wọ́n fi ń purọ́ fún wa?" Rónkẹ́ bi í.

"Inú ni. Ìju ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fẹ́ yọ ọ́."

"Ó tún ń ṣe é ládùn," Rónkẹ́ sọ fún àwọn ọkùnrin. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún mi pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ má dá a lóhùn."

Iyẹ̀pẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sísàlẹ̀. Agatha wá irọ́ mìíràn, ó wá a títí. Gbogbo irọ́ tó rí ló dára jù, ẹnikẹ́ni kò ní gbà á gbọ́. Ó gbọ́ tí Josiah ń wúkọ́ nísàlẹ̀.

"Ẹ̀tẹ̀ ni," ó wí. "Ẹ̀tẹ̀ ló mú un. Kànga lọkọ rẹ̀ ń gbẹ́ fún un."

Èyí ni wọ́n gbà gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣọ́bìrì dúró. Àwọn tó wà létí kòtò kúrò níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Josiah gùn jáde, iyẹ̀pẹ̀ kún irun rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì wo ojú Agatha.

"Àǹtí," ó wí, "ẹ̀ bá jẹ́ kí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ náà."

Kí oòrùn tó wọ̀, Rónkẹ́ ti dáná sun ẹní tí Sarah máa ń jókòó lé dirun. Àwọn tí aṣọ wọn ṣì wà lọ́dọ̀ Josiah wá gbé e, ewé ni wọ́n fi dì í mú. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ẹbí Josiah wá jókòó ní pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò bínú sí i, ṣùgbọ́n ilé náà, ilé ẹbí ni, obìnrin yẹn kò gbọdọ̀ wọ ọ́ mọ́. Ọkàn Agatha bàjẹ́ débi tí kò lè jẹun. Kó má baà jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni Sarah yóò ti gbọ́, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí apá Ẹ̀gbẹ́ ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè.

Lábẹ́ igi ẹnu ọ̀nà ló ti rí i. Sarah ti sanra, gèlè tuntun wà lórí rẹ̀, ẹrù rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti dì í dáadáa.

"Okun, Àǹtí. Mo mọ̀ pé Josiah á rán ẹni tí yóò mú mi. Jímọ̀ ni Dókítà sọ fún mi pé ara mi ti mọ́, pé kí n máa lọ sílé." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Gbogbo ìka rẹ̀ ló nà gbọọrọ. "Ṣé ó ti gbẹ́ kànga náà tán? Ó ní yóò kan omi kí n tó dé."

"Ó ti kan omi."

"Ẹ jẹ́ ká lọ nígbà náà. Ọkọ̀ tó ń gba Odò-Ẹrẹ̀ lọ sí Kabba kò ní pẹ́ kún."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé ẹrù. Agatha fi ọwọ́ lé e.

"Wọ́n ti gbọ́, Sarah. Àwọn ẹbí ní o kò gbọdọ̀ wọlé."

Sarah gbé ọwọ́ kúrò lára ẹrù. "Ta ló sọ fún wọn?"

"Èmi ni. Wọ́n fẹ́ sin Josiah láàyè. Wọ́n ní ó pa ọ́."

"Ṣé kò farapa?"

"Kò farapa."

"Ó dára." Ó jókòó padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn tó fi di ẹrù. Ọkọ̀ fọn fèrè lójú títì, àwọn èrò ń gùn ún. "Àǹtí, ẹ máa lọ, kí ọkọ̀ má baà já yín sílẹ̀. Bí mo bá ní ara mi ti mọ́, Josiah yóò fi àwọn ẹbí rẹ̀ àti ilé sílẹ̀ nítorí mi, kò sì ní ẹlòmíràn láyé. Ẹ sọ fún un pé ara mi kò tíì yá. Ẹ ní ó kù díẹ̀."

Josiah ń dúró ní ibùdókọ̀ nígbà tí Agatha sọ̀ kalẹ̀ ní Kabba. Ó jẹ́ iṣẹ́ náà fún un bí Sarah ṣe rán an, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò sì yọ ọ̀kan kúrò.