Ẹrù tí Rahmon Kò Tú

Ọgbọ̀n ọdún ni Rahmon fi ru ẹrù ní ọjà Mile 12, kò sì tú ẹrù ẹlẹ́rù wò rí. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ni o, àpò àlùbọ́sà ni o, ibi tí wọ́n bá ní kó sọ ọ́ sí náà ló máa ń sọ ọ́ sí. Ó máa ń sọ pé alábàárù tó bá ń yọjú wo inú ẹrù, olè ló ń kọ́. Ìdí nìyẹn tí àpò ìrìnàjò Roqeeb, ọmọ rẹ̀, fi wà ní kọ̀rọ̀ yàrá wọn ní Ìkòsí fún oṣù méje gbáko tí ẹnikẹ́ni kò tú u. Roqeeb fúnra rẹ̀ ló dì í láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, pé òun ń bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè lọ lọ́jọ́ kejì. Kò rí ọjọ́ kejì. Mọ́tò gbá a ní Ojota nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ fídáù, Karimot ìyàwó Rahmon fẹ́ tú àpò náà, kí wọ́n lè fi aṣọ inú rẹ̀ ṣe sàráà. Rahmon fárígá.

"Bàbá Roqeeb, ẹni tó ni ín ti lọ."

"Kò sọ fún mi pé kí n tú u."

Ká má parọ́, kì í ṣe òfin iṣẹ́ nìkan ló dì í lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí òun àti ọmọ náà bára wọn sọ gbẹ̀yìn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọmọ ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká jọ lọ lọ́la. Ẹ̀yin náà ẹ rìn láìru nǹkan kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé yín." Bàbá olórí kunkun bú sẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ọ̀lẹ ló ń rìn láìrẹrù. Ṣé kí o lè máa gun òkè kiri ni mo ṣe fi orí yìí rán ẹ nílé ìwé?"  Roqeeb fa síìpù àpò pa, ó gbé e sí kọ̀rọ̀, ó jáde. Ṣé ìbínú ọmọ náà ti rọ̀ kó tó kú? Ìbéèrè yìí ni Rahmon ń bá sùn, òun náà ló ń bá jí.

Nígbà tí Dámiláre, olórí ẹgbẹ́ náà, wá sọ pé àwọn tún ń lọ sí òkè ọ̀hún, lọ́nà Abẹ́òkúta, Rahmon ní òun á gbé ẹrù ọmọ òun dé ibi tó ń gbé e lọ. Ohun kan tó kù tí òun lè ṣe fún un nìyẹn.

Bọ́ọ̀sì gbé wọn ní Ketu láàárọ̀ Sátidé. Ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án, bàtà wọn nípọn, wọ́n gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn. Rahmon wọ sílíípà rọ́bà. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, ó ká aṣọ ṣe òṣùká, ó gbé àpò karí. Ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n, wọ́n gbé e mì nítorí pé àgbà ni.

"Daddy, ẹ ò ní bàtà?" Débọ́lá, ọ̀kan nínú wọn, bi í.

"Bàtà kì í gba ẹsẹ̀ mi, ọmọ mi."

Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ló já lé e lẹ́sẹ̀ òsì nígbà kan. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà ya síta láti ọjọ́ yẹn, kò sì sí bàtà ọjà tó gbà á.

Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, kò sí ọ̀dọ́ tó lè bá a rìn. Ọrùn tó ti ru ẹrù tírélà Òkè Ọya, kí ni àpò kékeré yẹn já mọ́? Ṣùgbọ́n àpáta kì í ṣe ojú ọ̀nà Mile 12. Sílíípà ń yọ̀, okùn ọ̀kan já, òkúta sì gé e lẹ́sẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń kán.

"Daddy, ẹ jẹ́ ká wo inú àpò yìí, bóyá bàtà wà níbẹ̀," Dámiláre bẹ̀ ẹ́.

"Má fọwọ́ kàn án. A ò tíì débẹ̀."

Ìrun Àsárì kù díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé orí òkè. Àwọn yòókù ń ta àgọ́, wọ́n ń dáná indomie. Rahmon sọ ẹrù. "Roqeeb, mo ti gbé e dé o," ó wí, ó sì jókòó tì í. Lọ́jà, ẹlẹ́rù ló máa ń tú ẹrù lójú alábàárù, kí wọ́n lè jọ rí i pé nǹkan kan ò dín. Ó jókòó títí, ẹlẹ́rù kò wá.

"Daddy, ẹ̀yin lẹ ni ín báyìí," Débọ́lá rọra wí.

Rahmon fa síìpù rẹ̀ ṣí. Ẹ̀wù kan, ife méjì. Lábẹ́ wọn, bàtà tuntun nínú ọ̀rá. Ó tóbi ju ẹsẹ̀ Roqeeb lọ dáadáa. Rahmon yí ti òsì padà. Ṣobàtà kan ti la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rán awọ rírọ̀ mọ́ ọn, gẹ́lẹ́ níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ti lè ya síta.

Dámiláre kúnlẹ̀ tì í. "Ọ̀sán Jímọ̀ yẹn ló pè mí, Daddy. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní ẹ ti kọ̀, àmọ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ní tó bá gbé nǹkan kan tó wà nínú àpò òun fún yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ máa tẹ̀ lé e. Mi ò mọ̀ pé bàtà ni."

Rahmon ki ẹsẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ bọ bàtà náà. Ó gbà á. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. "Orí mi ló wà," ó ń wí ṣáá. "Láti àárọ̀, orí mi ló wà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Débọ́lá gba àpò náà kọ́ ẹ̀yìn, bàbá kò sì bá a jà. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ láìru nǹkan kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Ẹni tó pè é sí ìrìn náà nìkan ni kò sí níbẹ̀.